Ṣíbí Iyọ̀ Mélòó?

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìbéèrè kan ti ń jà gùdù lọ́kàn mi: kí ló dé tí odidi orílẹ̀-èdè fi gba àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ètò ìlera tí gbogbo wa mọ ojúlé rẹ̀ lọ?

Òru tó mọ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù August, ọdún 2014, ni mò ń sọ. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà nígbà náà ò ní gbàgbé. Fóònù ń dún láago méjì, láago mẹ́ta òru. Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń jí àbúrò: dìde, bu iyọ̀ sómi gbígbóná, fi wẹ̀, kí o sì mu díẹ̀ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ebola ò ní ráyè sí ọ lára. Ọ̀mọ̀wé wẹ̀ ẹ́, oníṣòwò wẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e tó parí, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ tán, ẹni ogún ni Ebola mú ní Nàìjíríà, ẹni mẹ́jọ ló kú. Ẹ gbé méjì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́jọ yìí kí ẹ wò ó. Bí àìsàn bá pa mẹ́rin, ohun tí a pè ní oògùn rẹ̀ pa ẹyọ kan.

Iyọ̀ kì í ṣe àlejò

Ẹni tó bá ní òmùgọ̀ ló fa ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn kò rò ó dé ìsàlẹ̀. Iyọ̀ àti orógbó (nítorí wọ́n da orógbó náà mọ́ ọn) jọ máa ń wà nínú àwo níbi tí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ: iyọ̀ kí ayé ọmọ lè dùn, orógbó kó lè gbó, kó sì tọ́. Iyọ̀ la fi ń pa ẹja kó má bàa jẹrà. Omi iyọ̀ la fi ń fọ ọ̀fun tó bá ń dunni. Àtẹ̀jíṣẹ́ òru ọjọ́ náà bá ilẹ̀ tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun kejì tó ní tí ọ̀rọ̀ ìjọba ò ní ni pé ó fún èèyàn níṣẹ́ ṣe. Ó sọ ohun èlò, ó sọ bí a ṣe ń ṣe é, ó sọ àkókò tó gbọ́dọ̀ parí, gbogbo ohun èlò náà sì wà ní ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ ìjọba ní tirẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló fi "má" bẹ̀rẹ̀: má bọ èèyàn lọ́wọ́, má jẹ ẹran ìgbẹ́, má fọwọ́ kan òkú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà ń wá ohun tí yóò ṣe ni.

Bẹ́ẹ̀ ìjọba ò sùn o. Láti July 23 ni ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Èkó ti jọ dá ibùdó kan ṣoṣo sílẹ̀ tí ń darí gbogbo iṣẹ́ náà. Lára àwọn tó ń bá ìgbógun ti rọpárọsẹ̀ ọmọdé, pólíò, bọ̀ ni wọ́n ti mú àwọn tó ń darí rẹ̀, nítorí pé àwọn yẹn ti mọ bí a ṣe ń wá ilé kiri. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mọ́ bá omi iyọ̀ yẹn gan-an ni WHO kéde Ebola gẹ́gẹ́ bí pàjáwìrì fún gbogbo ayé, ọjọ́ náà ni ààrẹ Jonathan kéde tirẹ̀, tó sì fọwọ́ sí bílíọ̀nù 1.9 náírà fún un. Owó wà, onímọ̀ wà, iṣẹ́ ń lọ. Ohun tí kò sí ni fèrèsé tí ará ìta lè gbà yọjú wo inú iṣẹ́ náà.

Iyọ̀ tó wà nínú wọ́ọ̀dù

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà lójú mi nìyí. Ní òru kan náà tí àwọn èèyàn ń po iyọ̀ mómi ní ilé, àwọn aláìsàn Ebola tó wà ní ibùdó àyàsọ́tọ̀ ní Yaba ń mu omi tó ní iyọ̀ nínú. Dókítà ló ní kí wọ́n mu ún. Lára àwọn tó mu ún tó sì yè é, dókítà obìnrin kan sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé lítà márùn-ún lòun ń mu lójúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́.

Iyọ̀ kan náà ni. Ìwọ̀n ló yàtọ̀, àti ohun tí a pò ó pọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ṣíbí ìmutíì kan tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ pẹlẹbẹ ń gba iyọ̀ bíi gíráàmù 5 sí 6. WHO ní kí àgbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, kí á sì ka ti inú ọbẹ̀, ti búrẹ́dì àti ti màgí mọ́ ọn. Ṣíbí ìjẹun ńlá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ṣíbí ìmutíì. Ká ní ẹnì kan bu ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sínú ìdajì lítà omi lóru ọjọ́ náà: iyọ̀ bíi gíráàmù 50 ló bù yẹn, ìyẹn ni pé bí omi náà bá jẹ́ lítà kan, iyọ̀ rẹ̀ á jẹ́ gíráàmù 100. Omi òkun tí a ò lè mu, 35 ni tirẹ̀. Omi dírípù tí wọ́n ń fà sí wa lára ní ilé ìwòsàn, 9 péré ni, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wa ti lè gbà á láìbínú.

Bí iyọ̀ bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ báyẹn, á máa fa omi jáde kúrò nínú ẹran ara, bó ṣe ń fa omi jáde lára ẹja tí a fi iyọ̀ pa. Yorùbá ní ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ló ń ṣomi sí. Nínú ẹ̀jẹ̀, omi ara ẹni tó mu ún ni yóò fi ṣe é. Ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára. Orí á máa fọ́, èébì á dé, ara á máa gbọ̀n bíi ti wárápá, ẹni náà á sì dákú. Ẹni tó lẹ́jẹ̀ ríru tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa, kékeré ni yóò mu tí yóò fi dé ibẹ̀. Èyí tí wọ́n fi wẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni. Ife kejì, èyí tí wọ́n gbé mì, ni ikú wà nínú rẹ̀.

Nínú wọ́ọ̀dù ńkọ́? ORS, omi tí a wọn iyọ̀ àti ṣúgà sí fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ, ni wọ́n ń mu. Ebola máa ń fi ìgbẹ́ gbuuru àti èébì gbọ́n omi ara aláìsàn gbẹ, kò sì sí oògùn tí a fọwọ́ sí fún un nígbà náà, nítorí náà dídá omi padà sára ni ìtọ́jú tó wà. Nínú lítà kan ORS, bí WHO ṣe là á kalẹ̀ láti 2002, iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 2.6, ṣúgà glucose jẹ́ 13.5, potassium chloride 1.5, citrate 2.9. Ṣúgà yẹn kì í ṣe adùn lásán. Lára ìfun wa, ẹnu ọ̀nà kan wà tí kì í ṣí fún iyọ̀ dáadáa àfi bí ṣúgà bá bá a dé. Bí àwọn méjèèjì bá ti wọlé, omi á tẹ̀lé wọn. Omi lásán á kàn gba inú aláìsàn kọjá. Omi iyọ̀ líle á gba tara rẹ̀ kún un. Èyí tí a wọ̀n nìkan ló ń dúró.

Ìdí nìyẹn tí ORS náà fi lè bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó da odidi àpò tí wọ́n ṣe fún lítà kan sínú ife kan ti ṣe omi iyọ̀. Ẹni tó fi lítà méjì lú u kó lè pẹ́ ti sọ ọ́ di omi lásán. Bí kò bá sí àpò nílé, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tó pẹlẹbẹ, ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì iyọ̀ tó pẹlẹbẹ; kí a tọ́ ọ wò, kó má níyọ̀ ju omijé lọ; èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí 24, kí a dà á nù.

Ilé-iṣẹ́ ètò ìlera sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà. Wọ́n sọ òótọ́. Àmọ́ ká ní wọ́n sọ ti 2.6 àti ti 100 fún wa, ká ní wọ́n ní "ẹ wo iyọ̀ tí àwa ń lò níbí, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀", ọ̀rọ̀ náà ì bá ti di ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Irọ́ ni" kì í dá ìyá tó ti gbé omi kaná dúró.

Ìdí tí wọn ò fi ti àwọn ènìyàn mọ́lé

Ohun tí àwọn ará àdúgbò ò gbọ́ ye jù ni bí ìjọba ṣe ń fi ẹni tó ti fara kan aláìsàn sílẹ̀ nílé tirẹ̀. "Ẹ tì í mọ́lé!" ni wọ́n ń wí.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò le. Ẹni tí Ebola ti wọ̀ lára kì í ran ẹlòmíràn títí àìsàn náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀, ìyẹn sì máa ń gba láti ọjọ́ 2 dé 21. Nítorí náà, bí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, tí a sì gbé e lọ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá kọ́kọ́ gbóná, ọwọ́ wa á bá a kó tó ran ará ilé rẹ̀. Ọjọ́ tó fara kan aláìsàn kẹ́yìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń gbé bá tún dùbúlẹ̀, a ó padà sí òdo.

Ó lé ní 890 ènìyàn tí wọ́n tọ́jú orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́nà yìí ní Èkó, Port Harcourt àti Enugu. Ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n ṣe fún wọn tó nǹkan bí 18,500. Ẹ fi 21 sọ 890 dì púpọ̀, ẹ ó rí i pé ó kù díẹ̀ kó tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ẹsẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ yẹn, ilé sí ilé, pẹ̀lú tẹmọ́mítà lọ́wọ́. Ìgbà kan tí ẹnìkan sá mọ́ wọn lọ́wọ́, tó gba Port Harcourt lọ, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kú ní August 22, ohun tó sì tìdí ẹ̀ yọ ni pé ó ju ìdajì gbogbo àwọn tí wọ́n ní láti máa bẹ̀ wò lọ tó ti ibẹ̀ wá.

Ní ìlú Monrovia ní Làìbéríà, ọ̀nà kejì ni ìjọba gbà. Ní August 20 ọdún náà, àwọn ọmọ ogun fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí àdúgbò West Point ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nínú rẹ̀, ẹni tó yá àti ẹni tí ò yá. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ìbọn ba ọmọdékùnrin kan, ó sì kú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá wọ́n tú u ká. Lójú ará ìta, ti West Point ló jọ iṣẹ́ ìjọba, torí ó le, ó sì hàn. Ti Èkó dà bí ìgbà tí wọn ò ṣe nǹkan kan.

"Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní nǹkan kan"

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni èèyàn tún máa ń ṣì gbọ́. Àyẹ̀wò PCR tí wọ́n ń lò ń wá ara fáírọ́ọ̀sì náà gan-an nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì lè má tíì pọ̀ tó ohun tí ẹ̀rọ máa rí. Nítorí náà, bí èsì bá ní "kò sí" kí wákàtí 72 tó pé, kò tíì tán. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Aládùúgbò tó rí i tí wọ́n tún fi ọkọ̀ gbé ẹni tí wọ́n ti ní kò ní nǹkan kan padà á ní wọ́n ń purọ́. Ìlànà ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Tẹmọ́mítà tí wọ́n ń nà sí iwájú orí ní pápákọ̀ òfuurufú àti báńkì nígbà náà ńkọ́? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn bọ̀ á gbóná lójú rẹ̀. Ẹni tó ti inú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù bọ̀ á tutù. Ẹni tó ti gbé parasítámọ́ọ̀lù mì lè gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí fáírọ́ọ̀sì ṣì ń sùn lára rẹ̀. Àwọn tó ń lò ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lò ó kó lè mú ẹni tí àìsàn ti hàn lára rẹ̀, àti láti gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù arìnrìn-àjò sílẹ̀. (Ní ti báńkì tó ka ara mi sí 33 tó sì ní kí n wọlé, òkú ló yẹ kí wọ́n rò pé mo jẹ́.)

Bílíìṣì náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ilẹ̀, ibọ̀wọ́ àti òkú nílò èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún; ọwọ́ èèyàn nílò 0.05. Bí ara ike bílíìṣì bá kọ 3.5, ife kan rẹ̀ sí ife omi mẹ́fà ló máa fún wa ní 0.5. Bó bá kọ 5, ife omi mẹ́sàn-án ni. Ife kan nínú 0.5 yẹn sí ife omi mẹ́sàn-án, ó di ti ọwọ́. Oòrùn àti ọjọ́ pípẹ́ máa ń jẹ agbára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po tuntun lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń kọ ọjọ́ sára ike. A kì í da oògùn ìfọ-ṣáláńgá tó ní ásíìdì mọ́ ọn, torí èéfín tó máa jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọsẹ̀

Kí n má ṣe bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ ìjọba kì í ṣì í. Ní àárín oṣù August yẹn kan náà, mínísítà ètò ìlera kéde pé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Nano Silver ti dé fún àwọn aláìsàn. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní wọn ò ní lò ó mọ́, kò tíì kájú ìlànà ìgbìmọ̀ tó ń rí sí bí a ṣe ń ṣe ìwádìí lára ènìyàn. Àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀sín. Lójú tèmi, ìkéde yẹn ni ẹ̀gàn tọ́ sí. Fífà á padà yẹn gan-an ló fi hàn pé ẹnu ìgbìmọ̀ kan ṣì ń ká ẹnu mínísítà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n ti jókòó ṣàlàyé fún wa. Wọn ò ṣe é, ọ̀rọ̀ náà di "wọ́n ń fi oògùn pa mọ́ fún wa."

Orógbó náà ní gbòǹgbò nínú ìwádìí gidi. Ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu sọ níbi àpérò àwọn onímọ̀ ewéko kan ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, pé ohun kan tí wọ́n yọ nínú orógbó dá Ebola dúró nínú láàbù. Nínú àwo láàbù, a máa ń da ohun tí a ń dán wò sórí kòkòrò náà tààrà, ní ìwọ̀n tó wù wá. Orógbó tí a bá jẹ gbọ́dọ̀ la inú àti ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dé ẹ̀jẹ̀, ìba tó bá sì dé ibẹ̀ lè má tó nǹkan rárá. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà tún padà sí. Ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún ìyá tó ń ta orógbó lọ́jà Oyíngbò, àwa la sọ fún un pé kó yéé purọ́.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà

Ní October 20, 2014, WHO kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 42 ni wọ́n kà láìrí ẹlòmíràn: 21 lọ́nà méjì, kí ẹni tó bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú ìpele kan lè hàn nínú ìpele kejì. Gbogbo ayé kan sáárá sí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà, a ò bi ara wa léèrè rẹ̀.

Ní March 2020, kòrónà dé, ìròyìn sì gbà á pé chloroquine ń wò ó. Chloroquine tí a fi ń wo ibà, tí ń jẹ àwọn kan lára yún-ún-yún-ún, tí ìjọba ti yọ kúrò nípò oògùn ibà àkọ́kọ́ láti 2005. Àwọn kan gbé e mì l'Ékòó títí wọ́n fi dèrò ilé ìwòsàn, NCDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí dídènà àrùn ní Nàìjíríà, sì ní láti jáde kìlọ̀. Kò sí ohun tó tuntun nínú rẹ̀ àfi orúkọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àmọ́ ẹni tó gbé ife sẹ́nu láago mẹ́ta òru ò ní ogún ọdún.

Mo gbìyànjú láti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ì bá fi ránṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba ẹyọ lẹ́tà 160, àmọ́ bí a bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sínú rẹ̀, ẹ̀rọ á yí padà, yóò sì gba 70 péré. Àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá tó lámì ń ná ìjọba lówó ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, bóyá ìyẹn wà lára ìdí tí a kì í fi í rí wọn. Ohun tí mo kọ gba owó méjì:

*Iyọ̀ kì í pa Ebola. Àgbà kò gbọdọ̀ jẹ ju ṣíbí ìmutíì 1 lọ lójúmọ́. Má mu omi iyọ̀ lóru yìí.*